Fóònù pàjáwìrì fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ fa ilé kiri

Arìnnàkore: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fi ọkọ̀ fa ilé onítáyà kiri Amẹ́ríkà. Ṣé fóònù àtijọ́ tí kò ní síìmù lè pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Òfin ibẹ̀ fàyè gbà á. Àmọ́ wọn ò ní lè pè yín padà, ẹ tètè sọ ibi tẹ́ ẹ wà. Táyà tó bẹ́ lásán kọ́ ni 911 wà fún o!

Dẹ́rẹ́bà Àgbà: Ọdún mélòó ni fóònù náà? Wọ́n ti pa 3G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́, níbẹ̀ ní 2022.

Arìnnàkore: Ha! Fóònù oníbọ́tìnì ni tèmi, 3G náà ló mọ mọ.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà: Ẹ wá fóònù tó ń lo 4G, èyí tó tẹ̀lé 3G. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, bátìrì á bàjẹ́.