Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí Billy Budd àti deconstruction yìí

OmoLitireso: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Wọ́n ní ká ka Billy Budd tí Herman Melville kọ, ká wá fi deconstruction, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ka ìwé, wò ó. Ìtàn yẹn wọ̀ mí lára gan-an, mo sunkún níbi tí wọ́n ti yẹgi fún ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí tíọ́rì fẹ́ gbà wọlé. Inú ọkọ̀ ogun ojú omi ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀: Billy atukọ̀ ọmọ dáadáa, Claggart ọ̀gá kékeré tó jẹ́ ìkà, Vere ọ̀gá ọkọ̀ tó dájọ́, kí ló tún kù? Ẹnì kan ní kíláàsì wa ní deconstruction ń sọ pé ìwé ò ní ìtumọ̀, kí kálukú sáà sọ ohun tó bá wù ú. Ṣé òótọ́ ni?

AntiOnkawe: Rárá o àbúrò mi, ẹni yẹn ò gbọ́ ọ yé. Kíkà fínnífínní ni. Ìwé ti pín nǹkan sí méjì, rere lọ́tùn-ún, búburú lósì, ìwọ á wá máa tọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà lẹ́yìn títí wàá fi débi tí ìpín yẹn ti já. Padà sínú yàrá Vere. Claggart dúró, ó purọ́ pé Billy ń dìtẹ̀. Billy fẹ́ fèsì, àmọ́ akólòlò ni, ẹnu là, ọ̀rọ̀ ò jáde, ẹ̀ṣẹ́ ló jáde, Claggart ṣubú, ó kú. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ní ń yọ obì lápò, òun náà ní ń yọ ọfà lápó, ti Billy wá yàtọ̀, àìrí ọ̀rọ̀ sọ ló yọ ẹ̀ṣẹ́. Ta wá ni apànìyàn? Ọmọ dáadáa yẹn ni! Irọ́ tí ìkà pa pé ọmọ yìí léwu, ẹ̀ṣẹ́ yẹn gan-an ló sọ ọ́ di òótọ́. Barbara Johnson, onímọ̀ lítíréṣọ̀ kan, ló tú èyí palẹ̀ ní 1979, ó ní bí ojú bá ṣe rí ni Billy ṣe ń gbà á, Claggart ní tiẹ̀ gbà pé nǹkan mìíràn wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀rín.

BabaIwe: Má gbàgbé ìparí o. Lẹ́yìn tí Billy kú, ìwé ìròyìn kan gbé e pé ọ̀bẹ ló fi gún Claggart, pé Claggart lẹni rere. Àwọn atukọ̀ wá kọrin tiwọn. Melville kú ní 1891 láì parí iṣẹ́ náà, 1924 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ ọkọ̀ gan-an ò dúró sójú kan, Indomitable ló wà nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́, ti 1962 ní Bellipotent.

Akewi_Eko: Gbogbo èyí dáa, àmọ́ wọ́n yẹgi fún ọmọ èèyàn o! Tá a bá ń lé ọ̀rọ̀ kiri, ta ló máa bi Vere?

AntiOnkawe: Kíkà yìí gan-an ló ń bi í. Kí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ ṣẹjọ́ Billy tó jókòó rárá ni Vere ti pariwo pé áńgẹ́lì Ọlọ́run ló lu Claggart pa, síbẹ̀ áńgẹ́lì náà gbọ́dọ̀ kú sórí okùn. Ẹnu kan náà ló fi dá a láre tó tún fi dá a lẹ́bi.

OmoLitireso: Ah, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ tèmi wò, Bellipotent ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ibi tí ẹnu ti là tí ọ̀rọ̀ ò jáde yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀.