Àgádágodo kọ́ ló ń ti omi: èrò mi lórí "bodè odò" àti "afárá agbómi"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń fà láti ọjọ́ mẹ́ta yìí kò kúrò lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ sọ tèmi láti Ìlọrin níbí.

Fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀: àbúrò wa kan tó ń túmọ̀ ìwé ìrìn-àjò sí Yorùbá ló béèrè ohun tí a ó máa pe odò tí ènìyàn fọwọ́ gbẹ́ kí ọkọ̀ lè gbà á. Ó tún béèrè orúkọ ohun méjì tó máa ń wà lójú ọ̀nà irú odò bẹ́ẹ̀: ibi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí tí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn méjì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lọ́ọ̀kì, àti afárá tí odò náà fúnra rẹ̀ ń gbà kọjá lórí àfonífojì. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ọ̀fà dáhùn pé kí a pe àkọ́kọ́ ní "yàrà omi", èkejì ní "àgádágodo omi", ẹ̀kẹta ní "afárá odò". Ẹlòmíràn ní kí a kàn fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a sinmi.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì jù mí lọ nínú èdè. Ṣùgbọ́n mi ò lè gba àgádágodo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni mo rò pé orúkọ rẹ̀ wà. Omi òkè ga, omi ìsàlẹ̀ rẹlẹ̀, ọkọ̀ sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n á fi òkúta mọ yàrá kan sáàárín omi méjèèjì, yàrá náà á ní ilẹ̀kùn lókè, á sì ní nísàlẹ̀. Ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Wọ́n á wá ṣí ihò kékeré kan lára ilẹ̀kùn òkè, omi á máa ya wọlé díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á sì máa ga bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Tí omi inú yàrá bá ti bá tòkè dọ́gba, ilẹ̀kùn òkè á ṣí, ọkọ̀ á bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń fa omi níbẹ̀. Omi ń ti òkè wá sísàlẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a ni.

Ẹ wá wo ilẹ̀kùn yẹn dáadáa. Aláwẹ́ méjì ni. Tí wọ́n bá tì í, kì í tẹ́ gbọọrọ bí ilẹ̀kùn ilé. Awẹ́ méjèèjì máa ń fi etí kan ara wọn, wọ́n á sì yọ ṣóńṣó sí ìhà tí omi òkè wà, bí ìgbà tí èèyàn bá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú tó fi orí ìka kan orí ìka. Omi òkè ló ń tì í pa. Bí omi bá ṣe ń wúwo sí i ni ilẹ̀kùn ń le sí i. Géńdé mẹ́wàá kò lè ṣí i nígbà tí omi òkè ṣì ga ju ti inú lọ. Ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá ti dọ́gba, ẹnì kan ṣoṣo á fẹ̀yìn ti ọ̀pá gígùn tó wà lára rẹ̀, á rọra máa tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì, ti ya irú ilẹ̀kùn yìí sínú ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, irú rẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń lò títí dòní.

Níbo ni àgádágodo wà nínú ìyẹn? Àgádágodo ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ sì ní olówó rẹ̀. Ohun tí a fi ń lé olè ni. Bí mo bá sọ fún ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà-Ọba pé ọkọ̀ wọ inú àgádágodo omi, ohun tó máa yé e ni pé wọ́n ti ọkọ̀ mọ́lé. Gẹ̀ẹ́sì ló ń dà wá láàmú níbí. Torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ohun méjèèjì, a rò pé àwa náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Faransé kò ṣe bẹ́ẹ̀. "Écluse" ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "èyí tí a sé mọ́ta". Àwọn ará Jámánì mú ọ̀rọ̀ Látìn yẹn kan náà, tiwọn di "Schleuse". Kò sí àgádágodo nínú èyíkéyìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ háyà ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà méjì lé díẹ̀ lọ, wọ́n sì wà á gba orí odò àfọwọ́gbẹ́ Llangollen wọ ilẹ̀ Wales. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, mo sì gbé fóònù fún ìyá mi. Ọmọ Òró ni màmá, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn, wọ́n tún un wò. Ọkùnrin kan wà nínú fídíò náà tó dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ń fi irin yí nǹkan, tí omi sì ń hó wọlé sí ìdí ọkọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu màmá nìyí: "Oníbodè wọn rèé. Ṣé ó ti gbowó kó tó ṣílẹ̀kùn fún wọn?"

Mi ò kọ́ wọn o. Mi ò tíì sọ ohunkóhun rárá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ ọ̀rọ̀ bodè wò, bí mo sì ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò tó ló ń wọ̀ mí lára. Láyé àtijọ́, ìlú tó bá ní odi ní bodè. Ibẹ̀ ni àlejò ti ń dúró, ibẹ̀ ni oníbodè ti ń wo ojú rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti ń san owó bodè kí wọ́n tó kọjá. Ẹ wá wo odò àfọwọ́gbẹ́: ọkọ̀ á dé, á dúró, á retí, ẹnì kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ibẹ̀ á jáde wá ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó gbẹ́ àwọn odò wọ̀nyẹn náà sì ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, wọ́n ń ṣírò bí ẹrù ṣe wúwo àti bí ọ̀nà ṣe jìn. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ wa. Bí a bá pe lọ́ọ̀kì ní bodè odò, a kò ní tún wá orúkọ fún olùtọ́jú rẹ̀, oníbodè ni. Owó rẹ̀ ńkọ́? Owó bodè. Orúkọ kan tó bímọ méjì lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, ṣé kò yẹ kí a gbà á?

Mo mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí. Wọ́n á ní bodè ti di ti àwọn aṣọ́bodè báyìí, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu ààlà. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi yan "bodè odò" dípò "bodè omi" tí mo kọ́kọ́ rò. Ẹni tó bá gbọ́ bodè omi lè rò pé ibi tí wọ́n ti ń gba owó ẹrù ní èbúté ni. Odò fà á sún mọ́ ohun tí a ń wí. Kò pé tán, mo gbà.

Èkejì ni ti ẹni tó sọ pé bodè kò sọ pé ọkọ̀ ń gòkè, pé kí a pè é ní "ìgbọ́kọ̀gòkè". Ó fi orúkọ ìlú wa gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀: òkúta tí wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀ ní Ìdí-Àpẹ́ ló bí Ìlọrin, ìlọ irin, iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ló sì di orúkọ rẹ̀. Àpẹẹrẹ náà dùn mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè ńkọ́? Yàrá kan náà ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àbí a ó máa sọ pé ọkọ̀ gba inú ìgbọ́kọ̀gòkè sọ̀kalẹ̀? Ìlọ irin ní tirẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní.

Bodè odò tún ràn wá lọ́wọ́ níbi tí wọ́n bá pọ̀ sójú kan. Ní Béziers ní ilẹ̀ Faransé, lórí odò tí Pierre-Paul Riquet bẹ̀rẹ̀ ní 1666 tí wọ́n sì ṣí ní 1681, yàrá mẹ́jọ ló gun ara wọn lórí òkè Fonserannes. Ilẹ̀kùn òkè ti ọ̀kan ni ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ti èkejì, ọkọ̀ kò sì ní ibi ìsinmi láàárín. Èyí, àtẹ̀gùn bodè ni. Ṣùgbọ́n ní Caen Hill, nítòsí Devizes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́ọ̀kì 29 ló tò tẹ̀ léra wọn lára òkè, omi sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí ọkọ̀ lè dúró sí. Èyí kì í ṣe àtẹ̀gùn, ọ̀wọ́ bodè ni. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ níbẹ̀ kì í pe méjèèjì lórúkọ kan náà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo, ẹ wò ó bó ṣe máa rí lẹ́nu.

Ó ku afárá. Ẹ̀gbọ́n mi ní "afárá odò". Bí mo bá wí pé mo wà lórí afárá Asà, ta ni ní Ìlọrin ló máa rò pé odò Asà ló ń ṣàn lórí afárá? Odò wà nísàlẹ̀, afárá wà lókè, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn. Ohun tí a ń wá orúkọ fún yìí wá dojú ọ̀rọ̀ dé pátápátá. Ìdajì kejì fídíò yẹn ló dé ibẹ̀, ní Pontcysyllte. Thomas Telford àti William Jessop ló kọ́ ọ, wọ́n ṣí i ní 1805: òpó òkúta 18 ló gbé ọpọ́n irin gígùn kan dúró, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 307, gíga rẹ̀ sí odò Dee tó wà nísàlẹ̀ sì jẹ́ mítà 38. Inú ọpọ́n yẹn ni omi wà, inú omi ni ọkọ̀ wà. Ọ̀nà tí ẹṣin máa ń gbà nígbà tí ẹṣin ń fi okùn fa ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní irin ìdìmú. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní nǹkan kan. Ọmọ náà yí fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì yẹn: etí irin tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà, orí igi nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Màmá fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Afárá yìí ru odò!"

Mo gbìyànjú láti fi gbólóhùn màmá ṣe orúkọ. "Aruodò" kò yọ̀ lẹ́nu, tí a bá sì sún un kì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé rù ló wà nínú rẹ̀. Mo wo "afárá agbódò", ṣùgbọ́n gbé tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ gbígbé ẹrù, ó sì lè jẹ́ gbígbé inú ilé. Ẹni tó bá gbọ́ agbódò lè rò pé ohun tó ń gbé inú odò ni, bí ọ̀nì. Mo wá fàbọ̀ sórí "afárá agbómi". Kò sẹ́ni tó ń ṣi ìyẹn gbọ́: afárá tó gbé omi. Ó tún dára fún irú rẹ̀ mìíràn tí ọkọ̀ kì í gbà, bí Pont du Gard tí àwọn ará Róòmù fi ń gbé omi mímu lọ sí Nîmes.

Ti "yàrà omi", mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Yàrà, ohun tí a gbẹ́ yí ìlú ká kí ọ̀tá má bàa wọlé ni, odò tí a ń wí yìí sì wà kí èèyàn lè kọjá. Ìgbà tí Gómìnà DeWitt Clinton ń ṣètò odò Erie ní ìpínlẹ̀ New York, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1817 tí wọ́n parí ní 1825, tó jẹ́ kìlómítà 584 tó sì ní lọ́ọ̀kì 83, àwọn alátakò rẹ̀ ló ń pè é ní kòtò Clinton. Èébú ni. Mi ò fẹ́ kí orúkọ tí a bá fún un ní Yorùbá jọ èébú yẹn. Odò àfọwọ́gbẹ́ tó.

Sí ẹni tó ní ohun tí kò sí lọ́dọ̀ wa kò nílò orúkọ: ó wà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n kọ́ dáàmù Káínjì, tí wọ́n parí ní 1968, wọ́n ṣe lọ́ọ̀kì sí i kí ọkọ̀ má bàa há sójú Odò Ọya. Wọ́n ṣe é sí dáàmù Jẹ́bà náà, tí wọ́n ṣí ní 1985, Jẹ́bà tó jẹ́ ti Kwárà yìí. Torí náà, mo bẹ ẹni tó bá ní ìbátan ní Jẹ́bà, ìbáà jẹ́ Yorùbá, ìbáà jẹ́ Núpé: ẹ bá mi bi àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn apẹja ibẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá ti ní orúkọ kan tí wọ́n ń lò, ẹ kọ ọ́ wá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, mo sì ṣe tán láti fa bodè odò mi padà.