Igi oak lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé wa: ṣé $1,300 ni ká san ni, àbí $4,600?

Ìyá Ìbejì, Bowie

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. A ra ilé kan ní Bowie, ní Prince George's County, ní Maryland níbí. Igi oak ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé, ó ga ju ilé lọ dáadáa, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì nà bọ́ sórí yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ léraléra ni mo ti ń rí olú ńláńlá tó ń hù nídìí rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ lóru, oorun kì í kùn mí mọ́, ńṣe ni mo ń kó àwọn ọmọ wá sí pálọ̀.

Agégi mẹ́ta ló ti dá iye lé e. Èkíní fúnra rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn lẹ́yìn ìjì, ó ní $1,300, kí n san án lọ́wọ́, òun á gé e lọ́la. Èkejì ní $3,200, owó kùkùté ò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní $4,600: òun á gbé kìréènì wá, òun á fi ẹ̀rọ lọ kùkùté, òun á sì kó ẹ̀ka àti ìtì lọ pátápátá. Orí igi kan náà o! Bàbá àwọn ọmọ ní ká mú ti $1,300, torí ìnáwó pọ̀ nílẹ̀. Kí ló fa irú ìyàtọ̀ yìí? Ṣé ìnṣọ́ránsì ilé ò lè bá wa san nínú ẹ̀?

Agégi Baltimore

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó náà ń lọ fún yín.

A máa ń wo bí igi ṣe ga tó àti bí ìtì rẹ̀ ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n ibi tó dúró sí ló ń gbówó lórí jù. Èyí tó wà ní gbangba, a lè gé e nídìí kó wó lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó nà sórí òrùlé, ègé-ègé ni. A ó fi okùn so ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà nílẹ̀ á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ní odindi ọjọ́ kan. Bí ìdí igi bá wá ń jẹrà, bí mo ṣe ń fura sí tiyín yìí nítorí olú yẹn, èmi ò ní gùn ún, nítorí pé igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti rọ̀ lè wó pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ìdí tí ẹni kẹta fi ń sọ̀rọ̀ kìréènì nìyẹn, kìréènì nìkan sì lè jẹ $1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́.

Bí mo ṣe ń rí i lágbègbè wa, igi kékeré máa ń gba bíi $300 sí $600, alábọ́dé $700 sí $1,500. Ti ńlá tó sún mọ́ ilé lè wà láàárín $2,000 sí $5,000. Owó kùkùté máa ń wà lọ́tọ̀, $150 sí $400.

Ẹni tó fẹ́ gba $1,300 yẹn, ẹ bi í léèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀. Òfin Maryland ni pé ẹni tó bá ń gbowó láti gé igi tàbí láti tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Licensed Tree Expert, ìyẹn onímọ̀ igi tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Department of Natural Resources, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó àti omi, ló ń fúnni ní ìwé náà lẹ́yìn ìdánwò, ẹni tí kò bá sì ní ìnṣọ́ránsì ò lè rí i gbà. Orúkọ gbogbo àwọn tó ní in wà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà, ẹ lè wò ó lálẹ́ òní.

Ẹ tún béèrè ìnṣọ́ránsì oríṣi méjì: èyí tó ń san ohun tí wọ́n bá bàjẹ́, àti èyí tó ń tọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe. Fọ́tò inú fóònù rẹ̀ ò tó, ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yín fúnra wọn. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó já bọ́ látorí igi, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì padà bọ̀ sípò mọ́ títí dòní. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ò ní ìnṣọ́ránsì kankan. Bí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé yín, ẹ̀yin onílé ni lọ́yà rẹ̀ máa wá bá.

Ìyá Tóbi, Laurel

Ìdí ìnṣọ́ránsì ni mo wà, àbúrò mi. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi gé igi tó ṣì dúró, wọn ò ní san án, ìtọ́jú ilé ni wọ́n kà á sí. Bí igi bá wó lu ilé, wọ́n sábà máa ń san àtúnṣe, ṣùgbọ́n owó kíkó igi náà kúrò kì í sábà ju $500 tàbí $1,000 lọ. Bó bá wó sórí koríko tí kò ba nǹkan kan jẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà wọn ò ní san kọ́bọ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí olú yẹn gan-an. Bí igi bá wó lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti rí àmì, tẹ́ ẹ ò ṣe nǹkan kan, wọ́n lè yarí pé àìbìkítà ni. Ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo ìwé táwọn agégi kọ fún yín. Ẹ ka ìwé àdéhùn ìnṣọ́ránsì yín pẹ̀lú, wọn ò rí bákan náà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Silver Spring

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ pé igi yẹn gbọ́dọ̀ lulẹ̀? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n wá, gígé ni ọjà wọn. Lórí igi tèmi, mo kọ́kọ́ san $200 fún onímọ̀ igi kan tó ní ìwé ẹ̀rí ISA (ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ igi lágbàáyé), tí wọ́n sì kọ́ ní yíyẹ ewu igi wò. Kò bá mi sọ̀rọ̀ gígé igi náà lulẹ̀ rárá. Ó fi òòlù onígi gbá ìtì yíká, ó ń gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ti ṣófo, ó wú ilẹ̀ díẹ̀ nídìí gbòǹgbò, ó kọ ìwé sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀ka méjì tó ti kú ló ní kí wọ́n mú kúrò. $750 ni mo san, igi mi ṣì wà níbẹ̀, ìbòòji rẹ̀ sì ń dín iná ẹ̀rọ amúlétutù mi kù nígbà ooru.

Bẹ́ ẹ bá máa dá a sí, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bẹ́ ẹ lórí. Àwọn ẹ̀ka tó máa hù padà kì í lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, ojú ibi tí wọ́n gé á sì máa jẹrà wọnú. Ẹni tó bá fẹ́ fi bàtà onírin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gun igi tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ kó yè, ẹ dá a padà.

Agégi Baltimore

Òótọ́ lọmọ Ìjẹ̀ṣà sọ. Kì í ṣe gbogbo igi tó hu olú ló ń kú. Ṣùgbọ́n ìdí igi lolú wà, yàrá ọmọ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ pe onímọ̀ yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí àwọn ọmọ sì máa sùn lápá kejì ilé títí á fi wá.

Ẹ̀gbọ́n Atlanta

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìwé ìyọ̀ǹda o. Ní Atlanta níbí, igi bí oak tí ìtì rẹ̀ bá ti tó ínǹṣì mẹ́fà, o ò gbọ́dọ̀ gé e láìgba ìwé, kódà bó ti kú. Lọ́dọ̀ tiyín, òfin kan wà láti 1914 lórí igi tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ títì ìjọba, tiyín tó wà lẹ́yìnkùlé lè má kàn án. Àmọ́ ẹ bi káńtì àti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín, pàápàá bẹ́ ẹ bá sún mọ́ omi tó ń ṣàn lọ sí Chesapeake, ọ̀sà ńlá tó wà lọ́dọ̀ yín.

Ìyá Ìbejì, Bowie

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á dá yín lóhùn ní ìgbà ìṣòro yín. Mo wo orúkọ ẹni $1,300 lórí ìkànnì, kò sí níbẹ̀. Mo fi han bàbá wọn, ó ní òun ti jáwọ́. Onímọ̀ igi ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Bó bá ní ká gé e, báwo la ṣe lè dín owó kù?

Agégi Baltimore

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìtì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kẹ́ ẹ kéde pé ẹni tó bá fẹ́ igi ìdáná kó wá kó o. Kíkó lọ nìkan máa ń gba owó gidi. Bí aládùúgbò yín bá ní igi tó fẹ́ gé, ẹ jọ pè wọ́n lọ́jọ́ kan náà, kìréènì kan á ṣe iṣẹ́ méjì. Nígbà òtútù, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì, iṣẹ́ kì í pọ̀, a máa ń gba owó tó rọjú. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ yẹn bá ní ewu wà nílẹ̀, ẹ má dúró de òtútù.

Ẹ má san gbogbo owó ṣáájú. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bóyá kùkùté wà nínú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe máa lọ̀ ọ́ jìn tó nínú ilẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó kan ilẹ̀, kí wọ́n pe nọ́ńbà fóònù 811 ní ọjọ́ iṣẹ́ bíi mélòó kan ṣáájú, wọ́n á wá sàmì sí ibi tí wáyà iná àti páìpù gáàsì gbà kọjá. Ọ̀fẹ́ ni.