Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀dá ìtàn mi kò gbà pé Ọlọ́run wà, olóòtú ní kí n pa ìyá rẹ̀

Òǹkọ̀wé Eré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á fún mi.

Mo ń kọ eré tẹlifíṣọ̀n alápá mẹ́fà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn mi jẹ́ ọkùnrin tí kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ń wò kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti sọ fún wa nílé pé òun ò gbà, kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá wa dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló sì ń sun orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn lálaalẹ́. Ojú bàbá ò ríwèé kà mọ́ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ Sáàmù ni wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́ kí wọ́n tó sùn. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ń kà á fún wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i tó ń fi ìka tọ ìlà ọ̀rọ̀ náà lọ, tó ń kà á díẹ̀díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè dé etí bàbá, tí bàbá sì ń mi orí. Nígbà tó kà á tán, wọ́n jọ ṣe "Àmín". Mi ò bi í rí pé kí ló dé tó fi ṣe é.

Mo kọ ìran yẹn sínú eré. Olóòtú tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kà á, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé pé: "Kí ló ṣe é? Ta ló kú?" Nígbà tí a pàdé, wọ́n ní òǹwòran ò lè gbà pé èèyàn kan ṣàdédé má gba Ọlọ́run gbọ́. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, kó gbàdúrà títí, kí àdúrà náà má gbà, kó wá di ọ̀mùtí, kó sì ronú pìwà dà ní apá kẹfà.

Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń rí i nínú fíìmù láti ọjọ́ yìí nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé, bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sì wò ó, kí ni màá sọ fún un? Báwo ni mo ṣe lè kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó jọ èèyàn, tí òǹwòran ò sì ní pa tẹlifíṣọ̀n?

Ọmọ Alágbádá

Má pa ìyá ẹni ẹlẹ́ni. Ìran Sáàmù yẹn gan-an ni eré. Omi bọ́ lójú mi.

Àgbà Òǹwòran

Àbúrò, olóòtú yín ò parọ́, ojú ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ kí ẹ gbà.

Ẹ wo God's Not Dead tó jáde ní 2014. Ọ̀jọ̀gbọ́n Radisson, tí Kevin Sorbo ṣe, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun kọ ọ́ sórí ìwé pé Ọlọ́run ti kú. Nígbà tó yá la wá gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ló kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12. Kí fíìmù tó parí, ọkọ̀ gbá a nínú òjò, ó sì gba Jésù kó tó dákẹ́. Ohun tí olóòtú yín ní kí ẹ kọ kò jìnnà síyẹn. Signs ti 2002 náà ńkọ́? Mel Gibson ṣe àlùfáà tó bọ́ aṣọ àlùfáà sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ pa ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí fíìmù yóò fi parí, ó ti wọ kọ́là rẹ̀ padà. Mo fẹ́ràn fíìmù yẹn gan-an, mo ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ò lè mí dáadáa mọ́ nínú yàrá abẹ́ ilé: Ọlọ́run ni ọkùnrin náà kọjú sí, tó ń sọ pé òun kórìíra rẹ̀. Ẹni tó ń bá Ọlọ́run jà mọ̀ pé ó wà. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí ẹ̀gbọ́n yín, fíìmù ló máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀.

Ní ti tẹlifíṣọ̀n, ọlọ́gbọ́n tí kò lọ́yàyà ni wọ́n máa ń fi wọ́n ṣe. Dókítà House (2004 sí 2012) mọ àìsàn tú ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n oògùn ìrora ti di bárakú fún un, kò sì sẹ́ni tí kò lè wọ́ nílẹ̀. Brennan inú Bones (2005 sí 2017) mọ egungun òkú ju bó ṣe mọ bí wọ́n ti ń bá alààyè sọ̀rọ̀ lọ, àwọn òbí rẹ̀ sì pòórá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15. Sheldon inú The Big Bang Theory ní ọpọlọ. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́ ló ní ọ̀yàyà. Bí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rò pé ìyá kan náà ló bí àìgbàgbọ́ àti ìwà líle.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan. Àwọn ará Íńdíà ṣe OMG ní 2012: ilẹ̀ mì, ṣọ́ọ̀bù Kanji, oníṣòwò tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, wó, àwọn adójútòfò ní iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni, kò sówó, ó bá pe Ọlọ́run lẹ́jọ́. Ìtàn aládùn. Síbẹ̀ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló wá bá a kó tó parí, ó sì gbà.

Ó ní ibi tó ti wá. Láti 1934 títí di 1968, òfin kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù Hollywood fi de ara wọn, tó sọ pé fíìmù kankan ò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn ṣẹ̀sín, pé wọn ò sì gbọdọ̀ sọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run di aláwàdà tàbí ọ̀daràn. Lójú tèmi, òǹkọ̀wé tó bá dàgbà sábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ á ti mọ̀ pé ọ̀nà tí kò léwu ni kí aláìgbàgbọ́ padà wálé kí iná tó tàn. Òfin ti lọ, àṣà rẹ̀ ṣì wà.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, mo jẹ́ onígbàgbọ́, mi ò sì fi pa mọ́. Ṣé ẹ ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àwa náà? Bí pásítọ̀ bá ti yọjú nínú eré, kẹ́ ẹ ti mọ̀ pé ó jẹ owó ìjọ tàbí ó ń yan àlè. Gbogbo wa là ń jìyà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tó ń yára.

Àti pé kí ló burú nínú ìrònúpìwàdà? Mo mọ ẹni tó padà. Ìtàn òótọ́ ni, ayọ̀ ló sì jẹ́ fún wa.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, mo ka ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń fi ìka tọ ìlà Sáàmù fún bàbá rẹ, mo gbé fóònù sílẹ̀. Mi ò lè sọ pé kó o yí i padà. Nínú The Good Wife, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan, Alicia ò gba Ọlọ́run gbọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ Grace wá lọ gbàgbọ́. Mo ń retí ìjà ńlá láàárín wọn. Ìyá yẹn ò yé ohun tí ọmọ rẹ̀ rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dí i lọ́nà. Mo ronú lé e lórí pé bí ó bá jẹ́ èmi ni, tí ọmọ mi ń lọ síbi tí mi ò fẹ́, ṣé màá ní irú sùúrù yẹn?

Òǹkọ̀wé Eré

Ẹ ṣé gan-an mà. Òótọ́ ni ti pásítọ̀, mo ní ọ̀kan nínú eré yìí, màá tún un wò.

Olùkọ́ Ìhùwà

Olóòtú yín ń bẹ̀rù òǹwòran, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ìwádìí kan jáde ní 2017, orílẹ̀-èdè 13 ni wọ́n ti ṣe é, èèyàn tó lé ní 3,000 ló dáhùn. Wọ́n sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń dá ẹranko lóró ní kékeré, tó wá ń pa èèyàn nígbà tó dàgbà. Wọ́n bi àwọn kan pé, èwo ló ṣeé ṣe jù, kó jẹ́ olùkọ́, tàbí kó jẹ́ olùkọ́ tí kò gba Ọlọ́run gbọ́? Wọ́n bi àwọn mìíràn bákan náà, àmọ́ olùkọ́ tó jẹ́ ẹlẹ́sìn ni wọ́n fi síbẹ̀. Àwọn tó fi ìwà yẹn mọ́ aláìgbàgbọ́ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn tó fi mọ́ ẹlẹ́sìn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ fúnra wọn náà dáhùn bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí eré yín tó bẹ̀rẹ̀, ìdájọ́ ti wà lọ́kàn ẹni tó ń wò ó. Ìmọ̀ràn mi kò ju ọ̀kan lọ: ẹ má kọ́kọ́ sọ fún wọn. Ní apá kìíní, kí wọ́n rí i lórí àga, kí wọ́n rí i tó ń ka Sáàmù, kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ní apá kejì ni kí wọ́n tó gbọ́ pé kò gbà. Nígbà yẹn, wọn ò ní lè yọ ìfẹ́ náà kúrò lọ́kàn wéré.

Èmi Náà Kò Gbà

Èmi ni irú ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí ọjọ́ pẹ́, ẹ̀yin náà ń bá mi ṣàwàdà, ẹ ò mọ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú fíìmù kì í ṣe pé wọ́n fi wá ṣe ọ̀daràn. Ó jẹ́ pé a kì í níṣẹ́ míì nínú eré ju kí á máa jiyàn Ọlọ́run lọ. Bí a bá jókòó ti oúnjẹ, àwa la máa dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Láyé tí mò ń gbé, èmi ni mo máa ń gbàdúrà (ẹ dárí jì mí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni) pé kí wọ́n tètè kúrò lórí rẹ̀. Mo ń ro ọ̀rọ̀ iléèwé ọmọ, mo ń ro ẹ̀yìn tó ń dùn mí.

Fíìmù kan tí mo rí ara mi nínú rẹ̀ ni Contact, 1997. Jodie Foster ṣe Ellie Arroway. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, torí náà olóòtú yín á ní "ẹ wò ó, ẹnì kan kú." Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ikú yẹn ṣe. Àlùfáà wá tu ọmọ náà nínú, ó ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Ọmọ náà dáhùn pé ó yẹ kóun ti fi oògùn díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé, òun ì bá ti tètè rí i mú. Kò bú Ọlọ́run, kò sunkún sí i lára. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kí bàbá tó kú àti lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó dàgbà, ìgbìmọ̀ fẹ́ yan ẹni tí yóò lọ sí òfuurufú, wọ́n bi í bóyá ó gba Ọlọ́run gbọ́. Ó mọ ìdáhùn tí wọ́n ń fẹ́. Kò lè pa irọ́ náà. Drumlin, tó ń bá a du àyè náà, sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, wọ́n sì gbé àyè náà fún un. Mo ti jókòó síwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe ti òfuurufú, ti iṣẹ́ lásán ni. Mo dákẹ́. Mo gba iṣẹ́ náà. Inú mi ò dùn sí i títí di òní.

Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín pé ìgbà wo ló ti dákẹ́ rí. Ìyẹn á wúlò fún yín ju ìyá tó kú lọ.

Olùdarí Kan

Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ dára. Mo kàn fẹ́ fi ti iṣẹ́ kún un.

Ẹ fún ọkùnrin náà ní ohun kan tó ń lé, tí kò kan Ọlọ́run. Kó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ tó ti kúrò nílé padà wá kí bàbá tó lọ, fún àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kó ní àbùkù, ẹ wá a síbòmíràn: kó jẹ́ olórí kunkun, kó má mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì. Ẹ má sì sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n ju gbogbo ilé lọ, ẹrù House ti wúwo jù lórí wọn.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi pè é pẹ̀lú. "Kèfèrí" èébú ni. "Aláìgbàgbọ́" náà, ẹni tó kàn wà nínú ẹ̀sìn mìíràn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi pè. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ní gbólóhùn kan, bí ẹni ń sọ pé òun ò mu kọfí.

Ìran Sáàmù: ẹnu ọ̀nà tí ẹ dúró sí gan-an ni màá gbé kámẹ́rà sí. Ẹ má jẹ́ kó ṣàlàyé "Àmín" náà fún ẹnikẹ́ni, títí eré á fi parí. Ẹ ní ẹ ò bi í rí. Kí òǹwòran náà má rí ẹni bi.

Òǹkọ̀wé Eré

Ẹ máa bínú pé mo pẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ka ìran náà fún wọn lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, mo rò pé fóònù ti já. Wọ́n wá ní kí n yọ ibi tí mo ti jẹ́ kí ọkùnrin náà bá pásítọ̀ jiyàn lẹ́yìn ìsìnkú, pé àwọn ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n ní àga yẹn ní ẹsẹ̀ kan tó kúrú, ìwé ni àwọn fi ń tì í, kí n má gbàgbé rẹ̀. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè tí ẹni tí kò gbà ní kí n bi wọ́n. Wọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni, nígbà tí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó gba àdúrà. Àwọn dìde, àwọn sì gbà á, nítorí tèmi. Mi ò mọ̀. Ọdún méje rèé.

Mo ti kọ lẹ́tà sí olóòtú. Mo ní ìyá rẹ̀ ò ní kú, apá kìíní la ó fi ìran Sáàmù sí, àti pé bí wọ́n bá ṣì fẹ́ mọ ohun tó ṣe é, kí wọ́n jẹ́ ká jọ ka ìran ìgbéyàwó tí mò ń kọ lọ́wọ́ báyìí. Wọ́n ní kí n mú un wá lọ́jọ́ Ajé.