Ṣé kí a kó lọ sí abúlé nítòsí Horncastle? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìlú Lincoln ní ilẹ̀ England ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń gbé. Ọkọ mi ti rí iṣẹ́ gidi ní Horncastle, ìlú kékeré kan ní agbègbè Lincolnshire wa níhìn-ín, wọ́n sì ti fi ilé kan hàn wá ní abúlé kékeré kan tí kò jìnnà sí ibẹ̀, tí owó rẹ̀ kéré sí èyí tí à ń san nísinsìnyí, tí ó sì ní ọgbà tí àwọn ọmọ lè máa sáré nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, ilé ọtí kan àti gbọ̀ngàn abúlé ni mo rí níbẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí dókítà, kò sí ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ mi nìkan ló ń wa mọ́tò. Ẹ̀rù ń bà mí pé inú ilé ni n ó máa wà láti àárọ̀ di alẹ́, láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Kí ni kí a wò kí a tó fọwọ́ sí ìwé?

Bàbá Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ kú ìrònú, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, nítorí òun ló di gbogbo ìyókù mú. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Horncastle mọ́. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ láti Lincoln sí Skegness, ìlú etí òkun, ń gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n abúlé tí kò bá sí lójú ọ̀nà yẹn, CallConnect ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré tí ẹ gbọ́dọ̀ pè sílẹ̀ kí ó tó wá gbé yín. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà ni ẹ ní, oṣù 12 péré ni òfin fi gbà yín láyè láti lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti di olùgbé ibí. Ẹ yege ìdánwò kí ẹ tó kó lọ. Ọ̀nà abúlé tẹ́ẹ́rẹ́, kò níná, òfin sì gba ọkọ̀ láyè láti sáré tó máìlì 60 ní wákàtí kan lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìrìn ẹsẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ní ti ilé ẹ̀kọ́, bí èyí tó sún mọ́ yín jù tó sì yẹ àwọn ọmọ bá jìnnà ju máìlì 2 lọ, ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́ títí wọn ó fi pé ọdún 8. Lẹ́yìn náà, ó di máìlì 3. Lincoln tàbí Boston ti Lincolnshire níhìn-ín ni ilé ìwòsàn pàjáwìrì wà. Ẹ wádìí ibi tí ẹ̀rọ tí ń ta ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ jí (defibrillator) wà ní abúlé náà. Nígbà mìíràn, inú àpótí tẹlifóònù pupa àtijọ́ ni wọ́n máa ń gbé e sí.

Bọ̀dá Káyọ̀dé:
Ẹ béèrè bóyá gáàsì inú páìpù dé ibẹ̀. Bí kò bá dé, epo inú táǹkì ni ẹ ó máa fi mú ilé gbóná, àwọn tó ń tà á kì í sì í sábà gbé ohun tó kéré sí lítà 500 wá, owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Bí ilé náà bá ní septic tank, ìyẹn táǹkì abẹ́ ilẹ̀ tí ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ sí, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa sanwó kíkó rẹ̀. Ẹ dúró nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá fóònù yín ń mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìyá Àgbà:
Ọmọ mi, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn kì í ṣe ohun kékeré, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Èmi gbé irú abúlé bẹ́ẹ̀ pẹ́, gbọ̀ngàn tí o rí yẹn ló sì gbà mí. Òwúrọ̀ tí wọ́n bá ń mu tíì níbẹ̀, lọ. Àwọn arúgbó òyìnbó kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, wọn yóò máa béèrè àwọn ọmọ. Ìpàdé parish council, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ abúlé, náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ìkún omi bo ọ̀nà wa. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà kan lè máa bójú tó ìjọ abúlé mélòó kan, nítorí náà kò dájú pé ìsìn yóò máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ra fìrísà ńlá fún ẹja, ata àti ẹ̀fọ́. Kí o sì lọ rí olùkọ́ àgbà kí ẹ tó kó lọ, kí o bi í ní tààrà bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ọmọ kan bá fi àwọ̀ bú òmíràn. Láti inú ìdáhùn rẹ̀ ni wàá ti mọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin òbí mi. Ọkọ mi ti gbà pé kí a bẹ onílé kí ó dúró dè wá títí n ó fi ṣe ìdánwò ìwakọ̀. N ó kọ lẹ́tà sí olùkọ́ àgbà náà lọ́la.