Ajá ọ̀rẹ́ wa kú, kò fọwọ́ kan gìtá mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwa mẹ́ta la máa ń pàdé nírọ̀lẹ́ Sátidé ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. A ti fẹ̀yìn tì. Èmi tí mo kéré jù ti pé 66. Jùjú àtijọ́ la máa ń ta, irú ti ayé I.K. Dairo. A kì í gbowó o. Ìyàwó mi ní àwa ló yẹ ká máa sanwó fáwọn aládùúgbò.

Bàbá Kúnlé, ọ̀kan nínú wa, ló ni ajá náà, Bingo. Ọdún 13 ló lò. Tí a bá ti bẹ̀rẹ̀, á gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀ lé orin. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń lọ sókè, lorí òun náà ń lọ. Ẹni bá ń yí okùn tó tínrín jù, á hu lé e lórí.

Látìgbà tó ti kú, Bàbá Kúnlé ò wá mọ́. Mo yà kí wọn: okùn gìtá ti dógùn-ún, ṣéènì Bingo wà lọ́rùn gìtá náà. Ọmọ wọn ní, "Ṣebí ajá lásán ni." Inú bí mi.

Ẹnìkejì wa ti rí ọmọ ajá kan, ó fẹ́ ká gbé e lọ bá wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Wọ́n ti sọ fún mi rí pé àwọn ò fẹ́ ajá tí yóò gbẹ̀yìn àwọn.

Àbí ká kàn gbé gìtá lọ jókòó sí fàráńdà wọn? Ṣé kí n mú ajá tèmi dání, àbí ìyẹn á tún ṣí egbò? Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ.