Wọ́lnọ́ọ̀tì: kí lèèyàn ń wò lára igi kí ọmọ inú ẹ̀ tó lè dáa?

Akẹ́kọ̀ọ́Igi: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Juglans regia, ìyẹn wọ́lnọ́ọ̀tì òyìnbó, ni mò ń bèèrè o, kì í ṣe awùsá. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣa igi tí wọ́n máa fi ṣe òbí irú tuntun, ṣé èyí tí èso ẹ̀ tóbi jù ni wọ́n ń mú ni? Mo rò pé tí èso bá tóbi, ọmọ inú ẹ̀ náà á tóbi.

BàbáỌlọ́gbà: Rárá o, èso ńlá lè jẹ́ kìkì èèpo. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á wọn ọmọ inú sí odindi èso, èyí tó dáa a máa tó nǹkan bí ìdajì. Bí èèpo bá ṣe nípọn sí ni ìdá yẹn ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má wá lọ mú èyí tó fẹ́lẹ́ jù o, torí ojú ibi tí èèpo méjèèjì ti pàdé, tí ò bá lẹ̀ mọ́ra, kòkòrò ti ráyè wọlé nìyẹn. Ọmọ inú gbọ́dọ̀ rọrùn yọ láìfọ́, kí àwọ̀ ẹ̀ sì mọ́, èyí tó bá ti dúdú owó ẹ̀ ti já.

Àdùkẹ́_Oko: Òótọ́ ni bàbá sọ, àmọ́ ẹ wo bí igi ṣe ń so náà. Franquette, irú wọ́lnọ́ọ̀tì kan ti ilẹ̀ Faransé, ṣóńṣó ẹ̀ka ló ti sábà ń so, kì í so púpọ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó rúwé, òtútù ò fi bẹ́ẹ̀ rí i pa. Payne ti California ń so rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ka, àfi pé ó ń tètè rúwé, òjò á bá a, àrùn bakitéríà tó ń sọ èso di dúdú á dé. Chandler tí Yunifásítì California ní Davis gbé jáde ní 1979, òun ló so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ka tó tún pẹ́ rúwé ju Payne lọ, tí ọmọ inú ẹ̀ sì tún mọ́ rekete, abájọ tó fi gbalẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Igi: Ẹ ṣé gan-an mà. Dúdú tí ọmọ inú ń dú yẹn ńkọ́, ṣé àjogúnbá ni?

Àdùkẹ́_Oko: Apá kan ni. Oòrùn tó bá mú jù máa ń jó èyí tó wà níta ẹ̀ka, tí wọ́n bá sì pẹ́ kórè á tún dúdú sí i. Ìgbà tí awọ tó wà láàárín ọmọ inú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di búráùn, ìgbà yẹn ni ọmọ inú gbó tó sì mọ́ jù, torí náà tẹ́ ẹ bá ń fi igi kan wé èkejì, ìgbà yẹn náà ni kẹ́ ẹ ká àwọn méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀ẹ́ kàn jáwọ́ lórí igi tó dáa ni.